Okùn Tí Mo Rán Mọ́ Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ajé, 3 oṣù kẹfà

Lónìí ni wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀ ní ọsibítù. Ọkùnrin tó ti ń kun ilé alájà mẹ́rin láti ogún ọdún láìjábọ́ rí, orí àpótí ìdáná ló ti já bọ́, níbi tó ti ń pààrọ̀ gílóòbù. Egungun itan dá. Símẹ́ńtì funfun ni wọ́n fi dì í láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní gbogbo Ìṣẹ́gun àti Ẹtì la ó máa gbé e lọ kí wọ́n lè wẹ ojú egbò.

Mo ní kò le jù. Mo mọ ọkọ̀ wà, mo ní apá méjì, Gbogbo-Ilé, báàsì wa, sì wà níta. Òun nìkan ló lè gba ẹsẹ̀ tí kò ká. A ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn, ọkọ mi á fi ìdí wọlé, á na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí àga ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn apá òsì ti kú láti ọdún tó kọjá, kò ṣí nínú, kò ṣí lóde, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ tó wa.

Ìyá ọkọ mi ti dé láti wá ràn wá lọ́wọ́. Kó tó di ọ̀sán, ó ti tún ìdáná mi tò. Mo wá ṣíbí títí.

Ìṣẹ́gun, 4

A lọ, a bọ̀. Ṣaworo ọmọ wa tẹ̀ lé wa, torí aago méjìlá ni wọ́n ń parí ní kíláàsì wọn. Àga kan ṣoṣo tó kù láàárín ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti yọ èkejì láti fi àyè gba garawa ọ̀dà. Láti ilé dé ọsibítù, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, a kò sì ṣèèṣì pè é ní Ṣaworo.

Ẹtì, 7

Ilẹ̀kùn ṣí lójú ọ̀nà.

Mo ń yà ní oríta ńlá nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, afẹ́fẹ́ sì wọlé. Mo wo dígí. Ilẹ̀kùn ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ẹni pé àlejò kan ló ń ṣí i. Títì ń sáré kọjá lábẹ́ bàtà ọmọ mi. Bẹ́líìtì ló dì í mú, bàbá rẹ̀ sì ti na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbá ọrùn aṣọ rẹ̀ mú.

“Màmá, atẹ́gùn!” Ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Èmi kì í ṣe ẹni tí ojo ń bá jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìgbà mẹ́fà ni mo gbìyànjú kí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti kọ ọ́, ó parí.

Àbámẹ́ta, 8

Mo gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì wa. Àwa la sọ ọ́ ní Kò-séwu, torí ohun tó ń sọ nípa ohun gbogbo nìyẹn. Ó da epo sí ojú irin tí ilẹ̀kùn ń gbà, ó ṣí i, ó pa á, ó nu ọwọ́.

“Kò séwu, Ìyá Ṣaworo. Ọmọ yín ló tẹ bọ́tìnnì.”

“Bisikíìtì ló wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.”

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

Mo wọnú ọkọ̀ mi. Bí ilé ọkùnrin yìí bá ń jó, yóò bá iná jókòó, yóò ní kò séwu.

Ìṣẹ́gun, 11

Ó tún ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a dúró ní iná ojú ọ̀nà, lẹ́ẹ̀kan lórí afárá. Ọkọ mi ti gbá aṣọ Ṣaworo mú láti ilé dé ọ̀hún, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kú. Ṣaworo kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́rú, 12

Mo pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Orin ni wọ́n fi dá mi dúró. Mo gbé fóònù sí etí kan, mo rán apá aṣọ méjì parí kí ẹnì kan tó dáhùn.

“Kò tíì sí ẹni tó pè wá nípa irú ẹ̀ rí, Mà,” ni ọmọkùnrin náà wí.

“Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́.”

Ó ní kí n gbé e wá fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ méje sí i. Ẹsẹ̀ ọkọ mi kò ní ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún mọ́ lọ! Mo pe ọlọ́kọ̀ háyà mẹ́ta. Kò sí èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gba ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká. Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, mo to gbogbo ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí sínú rẹ̀ láti inú ìwé yìí. Àkọ́bí mi, tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bá mi tẹ̀ ẹ́, ó sì yọ ibi tí mo ti bú wọn kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kì í dúró de ọ̀sẹ̀ méje.

Mo mú okùn báàgì tó nípọn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ṣẹ́ ẹ ní ìlọ́po mẹ́ta, mo fi òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà rán an ní ìlà mẹ́rin, mo tún fi àgbélébùú sí orígun kọ̀ọ̀kan. Ó gba ọwọ́ ilẹ̀kùn nínú, ó lọ sí ẹsẹ̀ àga iwájú, mo sì ta á ní kókó níbẹ̀, kókó tí n ó máa tú nígbà tí ọkọ mi bá fẹ́ wọlé tàbí jáde. Mo ní kí ọkọ mi fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà. Kò mì. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó.

“Ìyàwó mi, ó mà le o.”

“Ẹ ṣeun, Mà.”

“Tó bá di pé ká jáde ní kíákíá ńkọ́?”

“Mà, ṣíṣí ilẹ̀kùn ló ń dà wá láàmú, kì í ṣe jíjáde.”

Ó padà sínú ìdáná mi lọ tún ìkòkò tò.

Ìṣẹ́gun, 18

Òjò láti àárọ̀. Epo tún gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí! Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn pé òun fẹ́ ṣí, okùn mi dá a lóhùn pé rárá. Ọkọ mi sùn lọ lójú ọ̀nà. Ìyẹn nìkan tó ọpẹ́.

Ẹtì, 21

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

A ń bọ̀ láti ọsibítù. Òjò ń rọ̀. Láti ìgbà tí a ti dúró ní iná ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná, mo sì rò pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Ọkọ̀ ẹlòmíràn la máa ń rò. Lẹ́yìn náà ni Ṣaworo ní, “Màmá, ẹsẹ̀ mi ń gbóná.” Èéfín ń jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ní ẹnu ilẹ̀kùn, lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Mo dúró níwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Mo pa ọkọ̀, mo sáré yípo, mo fa ilẹ̀kùn. Kò mì. Mo tún fà á, mo fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, mo fà á. Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹni tó so ó.

Mo padà gba iwájú wọlé láti tú kókó. Ẹ̀rọ ilẹ̀kùn ti ń fà á láti ọsibítù, kókó náà ti le bí òkúta. Èékánná mi méjì ṣẹ́. Èéfín ti dé àyà ọmọ, ó ń wúkọ́. Bọ́ọ̀tù kò wúlò. Ẹ̀yìn àga ga, ta ni yóò gbé ọkùnrin tó ní símẹ́ńtì ní itan kọjá lórí rẹ̀?

“Gbé ọmọ jáde ná,” ni ọkọ mi wí. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń ní kí n bá òun mú omi. “Gbé e jáde. Èmi ò kúkú lọ síbì kankan.”

Mo fa Ṣaworo gba àárín àga méjì iwájú, mo gbé e sí ibi tí wọ́n kó yanrìn sí, mo ní kó má kúrò. Mo já sísọ́ọ̀sì mi gbà nínú báàgì, mo padà wọlé. Ìlọ́po mẹ́ta. Ìlà mẹ́rin. Sísọ́ọ̀sì tó ń gé aṣọ bí ẹni gé omi kọ̀ láti gé e. N kò rí ọkọ mi mọ́, ikọ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mo ń gé, mo ń sunkún, mo ń bú okùn, okùn náà sì ni iṣẹ́ ọwọ́ mi tó dára jù lọ lọ́dún yìí. Kò fẹ́ já.

Nígbà tó já, ẹnì kan ti wà lóde tó ń fa ilẹ̀kùn. Bíríkìlà láti ilé tí wọ́n ń kọ́ ni. Ó ru ọkọ mi bí àpò símẹ́ńtì, ó gbé e sínú òjò. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó yọ orí bátìrì, ó da yanrìn sí ẹnu ilẹ̀kùn. Èéfín kú.

Gbogbo wa yè. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ọkọ mi mọ́, ti ọmọ náà mọ́. Egungun kò yẹ̀.

Àìkú, 23

Ṣaworo kò tíì sọ̀rọ̀ tó ogún láti ìjẹta. Mo ń ka wọ́n.

Ajé, 24

Bíríkìlà bá wa fi okùn wọ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rewáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Bàbá àgbàlagbà ni rewáyà náà, kì í sọ̀rọ̀. Ó tú ike tó bo ẹnu ilẹ̀kùn, ó fa ìdìpọ̀ wáyà jáde, ó sì fi ìka hàn mí. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ibì kan náà ni àwọn wáyà yìí ń ká sí. Awọ wọn ti bó níbẹ̀, irin ìhòòhò ń kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá kanra báyìí, ilẹ̀kùn á ṣí. Nígbà tí wọ́n bá kanra báyẹn, iná á ṣẹ́.

Mo dúró, mo ń wò ó. Orúnkún ṣòkòtò. Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù. Ibi tí aṣọ bá ń ká sí ni aṣọ ti ń gbó. Ogún ọdún ni mo ti ń bá ènìyàn lẹ irú ibẹ̀ yẹn. Ká ní mo wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní dípò kí n máa fi okùn bá ẹ̀rọ jà, èmi gan-an ìbá rí i. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

“Ilẹ̀kùn ń gbìyànjú àtiṣí, nǹkan kan ò jẹ́ kó ṣí,” ni rewáyà wí. “Ohun tó mú wáyà gbóná tó báyìí nìyẹn. Kí ni nǹkan náà?”

Mo ní n kò mọ̀.

Ìṣẹ́gun, 25

Bíríkìlà yá mọ́tò akẹ́rù ọ̀gá rẹ̀. A gbé ọkọ mi sórí fóòmù lẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀ bí ọba, ó ń juwọ́ sí àwọn èrò ojú ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ẹtì.

Ọjọ́rú, 26

Ilé iṣẹ́ náà pè. Ọ̀rọ̀ iná ti mú kí lẹ́tà mi yára rìn. Ẹni tó ń bá wọn yẹ ọkọ̀ wò ń bọ̀ lọ́la.

Gbogbo àdúgbò ló ń kí mi. “Akọni obìnrin! Ìwọ lo yọ ọkọ rẹ nínú iná!” Mò ń dúpẹ́. Kò-séwu náà wá, ó sì fún mi ní ìmọ̀ràn: “Ẹ sáà ní ilẹ̀kùn há ni. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ so ó, ẹ̀yin ni wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Tó bá jẹ́ pé ó há, wọ́n á fún yín ní ọkọ̀ tuntun. Kò séwu.”

Mo ti kó okùn tí mo gé sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ àkísà. Ọkọ mi rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 27

Obìnrin ni ẹni tó wá yẹ ọkọ̀ wò náà. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó sì mọ ọkọ̀ ju Kò-séwu lọ. Ó ti kọ́kọ́ lọ wo Gbogbo-Ilé lọ́dọ̀ rewáyà. Ó jókòó ní tábìlì mi, ó ṣí ìwé.

“Nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀, Mà, kí ló dé tí ilẹ̀kùn ò ṣí?”

“Ó há.”

Ó yẹ kó wà nínú ìwé yìí: mo pa irọ́ náà láìṣẹ́jú.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. “Ó jọ ti àwọn tó kù. Ẹ̀yin lẹ ṣìkarùn-ún. Gbogbo wọn ló ní ilẹ̀kùn há nígbà tí iná ṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn la ti ń pààrọ̀ láti ọdún tó kọjá, a ti pààrọ̀ rẹ̀ nínú irú ọkọ̀ yín bí ẹgbẹ̀rún.”

“Wáyà ńkọ́?”

“Tí kọ́kọ́rọ́ bá há, ẹ̀rọ á máa fà, wáyà á gbóná, á jó. Ohun tí ọ̀gá mi gbà nìyẹn.”

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn, torí irú èmi ló júwe ọ̀nà fún wọn. Ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, wáyà tó ń bó wà nínú wọn síbẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọkọ mi ń wò mí láti orí àga gígùn rẹ̀. Kò mi orí, kò mi ọwọ́. Mo dìde, mo da apẹ̀rẹ̀ àkísà délẹ̀, mo mú okùn náà, mo gbé e sórí ìwé rẹ̀.

“Kò há. Èmi ni mo so ó. Ilẹ̀kùn ti ń dá ṣí fúnra rẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ rárá, ìdí tí mo fi so ó nìyẹn. Wáyà ló kọ́kọ́ bó. Èmi ni mo ti ọkọ mi àti ọmọ mi mọ́ inú èéfín.”

Mo fi ìka hàn án ìlà mẹ́rin tí mo rán.

Ó gbé okùn náà yẹ̀ wò níwájú, yẹ̀ wò lẹ́yìn. Kò bú mi. Ó ní kí n kó ìwé tí mo kọ ọjọ́ sí wá, ó sì fi fóònù ya ojú ewé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ẹnì kan, ó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

“Ẹ káàsán, Mà. Èmi tí mo wá wo ọkọ̀ yín nínú oṣù kejì ni. Mi ò wá dá yín lẹ́bi o. Kí iná tó ṣẹ́, ṣé ẹ ti fi nǹkan kan so ilẹ̀kùn yẹn?”

Mo rò pé ó ti gé e. Lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan jáde, ó kéré gan-an.

“Bẹ́líìtì ọkọ mi ni.”

Ó pe èkejì. Okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Ẹ̀kẹta kò gbé e. Ẹ̀kẹrin, ọkùnrin, bú sẹ́kún kó tó dáhùn. Ọmọ tirẹ̀ ṣì wà ní ọsibítù.

Ìyá ọkọ mi gbé omi wá fún àlejò, ó gbé ọ̀kan wá fún mi. Ó jókòó tì mí. Gbogbo ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ, kò sọ ẹyọ kan.

Ẹtì, 28

Mo lọ bá rewáyà, mo sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ó ní òun ti mọ̀: ojú okùn wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ajé, 8 oṣù keje

Ìwé dé láti ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n kò fún wa ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí gbé e wá kí wọ́n pààrọ̀ wáyà ilẹ̀kùn méjèèjì, láìdúró de ọ̀sẹ̀ méje. Wọ́n fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ilẹ̀kùn fún ìdí kankan. Mo mọ ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn. Mo kà á fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n jọ̀wọ́ má kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọjọ́rú, 10

Gbogbo-Ilé padà dé. Ilẹ̀kùn òsì náà ti ń ṣí! Àkọ́bí ń gba ọ̀kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde, bí ẹni tó ń ṣeré. Ṣaworo kò sún mọ́ ọn. Ó ní òun á máa rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo bá a rìn lónìí, n ó sì bá a rìn lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 16

Lónìí ni wọ́n máa já símẹ́ńtì ọkọ mi. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀ kí aago méje tó lù. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú. Mo ti wà nídìí ọkọ̀, mo ti tan án, a ti pẹ́.

Ṣaworo dúró níta. Ó ní òun fẹ́ bá bàbá òun lọ. Kò wọlé.

“Màmá, ṣé ẹ tún rán nǹkan mọ́ ọn?”

“Rárá.”

“Ṣé ó máa ṣí tí mo bá ní kó ṣí?”

“Dán an wò.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ó ṣí. Ó pa á. Ó wọlé, ó pa á mọ́ ara rẹ̀, ó ṣí i láti inú, ó jáde. Ó tún wọlé. Mo mọ ara mi: ní oṣù tó kọjá, ǹ bá ti pariwo pé dókítà ń dúró. Mo pa ọkọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró ti ilẹ̀kùn.

“Ṣé mo lè tún un ṣe?”

“Títí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn,” ni mo wí.

Lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ló ṣí i. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó de bẹ́líìtì, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé, kò dákẹ́ títí a fi dé ọsibítù.